Nígbà Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́ Ilé Obì Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé yìí tí sìmẹ́ńtì kò lè tún ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ni, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ń gbé yàrá kan nínú ilé alájà méjì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Sìmẹ́ńtì ni ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Kò sí ikán níbẹ̀, kò sí eku, bí òjò ti wù kó rọ̀ tó, ara ògiri rẹ̀ kì í bó. Bí mo bá wọ mọ́tò lọ́jọ́ Ẹtì láti lọ rí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a gba Òrù kọjá, nígbà tí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ṣì wà níbẹ̀, ilé amọ̀ ni mo máa ń kà lójú ọ̀nà, tí mo sì máa ń káàánú àwọn tó ń gbé inú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Ẹni tó wà lọ́jọ́ orí yẹn, tí ó tún ní ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, Ọlọ́run nìkan ló lè bá a wí.

Ilé obì ìyá mi wà lẹ́yìn ilé wa, lápá ibi tí àdúgbò wa ti fẹ́ kan àdúgbò Japara. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé rẹ̀ kó ká ẹsẹ̀ kò. Fèrèsé ọ̀hún kan ṣoṣo ni, kò ju ojú àtẹ kékeré lọ. Lókè, kí ojú ènìyàn tó kan páànù, àjà wà níbẹ̀: wọ́n to ọ̀pá igi ògùrọ̀ sórí ìtì igi, wọ́n sì fi amọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Inú ilé náà ṣókùnkùn, ó sì tutù. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń jó gbogbo ìta, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á fẹ́ wá aṣọ dà bora. Inú rẹ̀ ni ìyá mi ti ń ṣe òwò tó fi rán mi níwèé.

Obì gbànja ni ó ń tà. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti ká a, á rà á lọ́wọ́ wọn, á rẹ ẹ́ sómi títí awọ funfun ara rẹ̀ á fi bọ́, á fọ̀ ọ́, á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, á wá ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kí èyí tó ní kòkòrò má baà wọ àárín àwọn tó dára. Ewé gbòdògì ni ó fi ń tẹ́ inú agbọ̀n kó tó kó o sí i. Lẹ́yìn náà, ó ku sùúrù. Ẹni tó bá lè pa obì mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà òjò, tí obì ti wọ́n lọ́jà, òun ló jèrè. Kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ló lè pa á mọ́. Obì kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ kí ara òun gbẹ jù. Ìtọ́jú rẹ̀ le ju ti ọmọ tuntun lọ. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin olóbì méje mìíràn, tí yàrá wọn gbóná, fi máa ń gbé agbọ̀n tiwọn wá fún ìyá mi lọ́dọọdún, kó bá wọn tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Wọn kì í kọ ìwé, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí. Orúkọ rere tí ìyá mi ní nìkan ni wọ́n fi ń sùn.

Ṣùgbọ́n ilé náà ti darúgbó. Nígbà ayé bàbá mi, tí ó jẹ́ katikíìsì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi amọ̀ rẹ́ ìdí ògiri rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó rántí. Ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn, páànù dógùn-ún, omi ń jò sórí àjà, ìdí ògiri ẹ̀yìn sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò kan rọ̀ mọ́jú nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igun ẹ̀yìn ilé náà ti wó lulẹ̀. Mo délé lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá mi kàn nawọ́ sí i ni. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kó rẹ èmi náà." Obì ń bọ̀ láti oko láàárín oṣù méjì, kò sì sí ibi tí yóò kó o sí. Bí ó bá ní kí àwọn méje yẹn wá ibòmíràn lọ fún ọdún kan ṣoṣo, òwò rẹ̀ ti tú nìyẹn, nítorí oníbàárà tó bá ti mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn kì í tètè padà wá.

Mo ní, "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni n óò tún un ṣe." Mo ní owó kan tí mò ń kó jọ láti fi ra fọ́ọ̀mù, kí n lè padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì. Mo rò pé ìdajì rẹ̀ á tó iṣẹ́ náà, á sì ṣẹ́kù.

Bàbá ọ̀mọlé kan wà ní Ilaporu tí ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ pè. Bàbá náà gun kẹ̀kẹ́ wá. Kò mú ohunkóhun dání ju ọkọ́ kan lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri níhìn-ín, ó fi kan án lọ́hùn-ún, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó bu erùpẹ̀ tó wó lulẹ̀, ó fọ́ ọ níka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá fi ohùn Ìjẹ̀bú ní, "Ulé yìí éè tíì kú. Ìtọ́jú ló fẹ́." Ó ní amọ̀ ni a ó fi tún un mọ, ní ìpele ní ìpele, àti pé ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, bí oòrùn bá dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé nǹkan kan tún wà. Ẹni tó ni ilé àti àwọn tó ń lò ó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ amọ̀ náà. Òun kì í gba alágbàṣe fún un.

Mo wo ara mi. Bàtà gíga ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé èmi tíṣà ni kí n ká aṣọ sókè, kí n máa tẹ amọ̀?"

Bàbá náà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé tíṣà éè lẹ́sẹ̀ ni?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ni mo lọ wá bíríkìlà kan nígboro, ọkùnrin ọ̀dọ́ kan tó ní téèpù ìwọnlẹ̀ àti pẹ́ńsùlù lẹ́bàá etí. Ó wọn ilé náà gígùn, ó wọ̀n ọ́n ìbú, ó kọ ọ́ sí pátákó. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá ni, pé ògiri náà á dán bí àwo tánganran. Ó ní kí a wó àjà yẹn kúrò nítorí ilé eku ni. Pẹ́ńsùlù yẹn ni mo rí tí ọkàn mi fi balẹ̀. Ìyá mi béèrè pé ṣé ooru kò ní mú obì, mo sì fi ohùn tí mo fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dá a lóhùn. Mo ní, "Màmá, fèrèsé onígíláàsì ńlá méjì la máa fi sí i. Afẹ́fẹ́ á máa wọlé, á máa jáde. Sáyẹ́ǹsì ni." Ó wá ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n owó wẹ ni, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ." Mo ṣe àmín sí àdúrà náà, n kò bá òwe yẹn lọ síbì kankan.

Ẹni tí kò bá tíì tún ilé àtijọ́ ṣe rí kò tíì mọ bí owó ṣe ń sá. Ilé tuntun, ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé àtijọ́, bí ẹ bá fọwọ́ kan ibì kan, ibi mẹ́ta ni yóò dáhùn. Káfíńtà gun òkè láti pààrọ̀ páànù mẹ́ta péré. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún fà ya mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó sì ṣí wọn, igi tó gbé wọn ró ti di ìyẹ̀fun nínú. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó. Pẹ̀lú bí ọkọ̀ agbégẹdú ṣe ń gba ojú títì wa kọjá lójoojúmọ́, mo ti rò pé pákó á pọ̀ nílùú wa bí ilẹ̀ bí ẹní, àṣé ńṣe ló kàn ń kọjá lọ, èyí tó kù fún wa sì wọ́n. Bíríkìlà ní àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ á tó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti di mẹ́rìnlá, nítorí ògiri amọ̀ ń fa omi sìmẹ́ńtì mu bí ẹni tó ti ààwẹ̀ bọ̀, ibi tí wọ́n bá rẹ́ láàárọ̀ á sì ti là nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n ra wáyà tí wọn yóò kàn mọ́ ògiri kí sìmẹ́ńtì lè rí nǹkan dì mú. Mo rà á. Owó fọ́ọ̀mù tán, mo fi owó oúnjẹ oṣù náà tì í. Gàrí ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, títí eyín fi ń kan mí, mo sì ń pe ara mi ní ọmọ rere.

Ilé náà sì rẹwà nígbà tó parí, n kò ní purọ́. Páànù rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ògiri rẹ̀ funfun nínú àti lóde, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ń tàn. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí obì dé, àwọn obìnrin méje náà gbé agbọ̀n wọn wá, wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri, wọ́n ń sọ pé ẹni tó bímọ tó kàwé ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, ara mi ń yá gágá.

Owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ìgbà tí a gba ìsinmi Kérésìmesì ni mo tó tún wálé. Kí n tó dé ẹ̀yìn ilé ni òórùn náà ti pàdé mi. Bí obì bá rà, òórùn rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀, ó sì máa ń kan, ó máa ń wọ aṣọ, kò sì ní tètè jáde. Ìyá mi jókòó sórí àpótí láàárín agbọ̀n, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkìtì èyí tó bàjẹ́ wà lápá òsì rẹ̀, ó ti fẹ́ ga tó èjìká rẹ̀. Lápá ọ̀tún, kò ju abọ́ méjì lọ. Ewé gbòdògì ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gba fèrèsé ńlá wọ̀nyẹn wọlé, ó ń fa omi ara obì. Ìyá mi bá ti fèrèsé. Ní ọ̀sán, oòrùn ń jó páànù, kò sì sí àjà tí yóò dá ooru náà dúró. Obì ń làágùn. Ní òru, òtútù á mú páànù àti sìmẹ́ńtì, òógùn náà á sì di omi, á máa kán sínú agbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi fi ń gbé agbọ̀n jáde, tí ó ń gbé e wọlé, tí kò ránṣẹ́ pè mí, kí ọkàn mi má baà dà rú lẹ́nu iṣẹ́.

Mo fi ìka kan ògiri, ìka mi tutù. Nínú oṣù yẹn gan-an ni mo dúró níwájú kíláàsì, tí mo mú ife omi tútù kan dání, tí mò ń fi omi tó wà lára rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ooru omi inú afẹ́fẹ́ bá pàdé ohun tútù, yóò di omi. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè wo ìyá mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin méje náà wá. Ìyá mi ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá wa pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́rùn, èmi sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo gbé àwo tí ife omi wà lórí rẹ̀ dání. Àgbà inú wọn, ìyá kan tó ti fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, tí ó ń ta obì kí ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀, ló jókòó síwájú. Gbogbo wọn ti gbóòórùn obì tó rà. Kò sẹ́ni tó gba omi.

Ìyá mi kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, obì yín bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé, èmi ni mo ní kí wọ́n wó àjà. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí bàbá ọ̀mọlé ṣe é, èmi ni mo kọ̀. Fáàrí ayé ló wọ̀ mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó wá gbé abọ́ obì tó kù jáde, ìyẹn gbogbo obì tirẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó pín in sọ́nà méje.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu mi kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí etí wọn. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Mo ń wo ife orí àwo, mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n tètè lọ. Àgbà wọn kò wo ìyá mi. Èmi ló ń wò. Ó wò mí pẹ́. Ó wá mú ife omi kan lórí àwo, ó mu ún, ó dá ife padà. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ wo ni a ó tẹ amọ̀?"

Èmi ni mo lọ sí Ilaporu lọ bẹ bàbá ọ̀mọlé. Mo wọ bàtà pẹlẹbẹ lọ. Ó ń gbẹ́ ẹ̀rú ọkọ́ níwájú ilé rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí n sọ gbogbo ẹjọ́ mi tán. Ó ní, "Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ṣé ó dán bí àwo?" Mo ní ó dán, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde, pé òun á wá, ṣùgbọ́n èmi ni n óò kọ́kọ́ wọ inú amọ̀. Kò tún fi bú mi mọ́ títí a fi parí iṣẹ́ náà.

Yíyọ sìmẹ́ńtì kúrò le ju fífi í sí i lọ. Bí a bá fi ìdí ọkọ́ lù ú, ó ń bọ́ tòun ti wáyà, ó sì ń fa amọ̀ tó dára mọ́ra lọ, tó fi jẹ́ pé ibi tí òjò kò bàjẹ́ rárá tẹ́lẹ̀, owó mi ló bà á jẹ́. Fèrèsé onígíláàsì, a yọ ọ́, a sì fi amọ̀ dí ojú rẹ̀, ó ku fèrèsé kékeré kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún àjà, ọ̀pá igi ògùrọ̀ tó lágbára kò sí lọ́dọ̀ wa, ni mo bá bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí apá Ogun Waterside, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí omi ti pọ̀. Ọkùnrin tó ń gé e níbẹ̀ gbọ́ pé tíṣà ni mí, ó sì béèrè ohun tí olùkọ́bìnrin fẹ́ fi ògùrọ̀ ṣe. Mo sọ fún un. Ó ní inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun náà ti ń kó ẹja gbígbẹ pamọ́, ó sì fi ọ̀pá mẹ́wàá kún tèmi lọ́fẹ̀ẹ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

Lọ́jọ́ tí a máa tẹ amọ̀, gbogbo àwọn méje ló wá. Àwọn tí obì wọn rà nítorí mi, àwọn ló ká ìró wọn dé orúnkún, tí wọ́n wọ inú amọ̀, tí wọ́n sì gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti ara wọn wá jẹ. Amọ̀ náà tutù, ó wúwo, ó ń fa ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá ọ̀mọlé ń rìn yí wa ká, ó ń da omi, ó ń da erùpẹ̀ inú òkìtì ọ̀gán sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi gba alágbàṣe. Ó ní, "Ẹni tó bá tẹ amọ̀ ulé ló ń mọ ìgbà tí ara ulé éè yá." Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá wà láyé, òun ì bá ti rí i pé ìdí ògiri ń tán lọ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kó tó wó. Èmi gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, n kò rí i.

Àgbà àwọn olóbì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó di nǹkan bí ọ̀sán, ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ìyá àgbà, kì í ṣe ìyá mi o. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ bàbá." Omi ti kún ojú mi. Ìyá náà kò yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ amọ̀, éè ṣe ẹnu. Tẹ amọ̀ wẹ." Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni, n kò sì ní ìgboyà láti tún un sọ. Mo tẹ amọ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà. Obì ọdún náà ti lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí tọdún tó tẹ̀ lé e dé, agbọ̀n méje náà tún wọlé, kò dín ọ̀kan. Wọ́n pa á mọ́ títí òjò fi rọ̀ dáadáa, obì náà sì pọ́n, ó ń dán, ó ń dún kà lẹ́nu. Láti ìgbà náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, gbogbo wa máa ń pàdé, a ó tẹ amọ̀ díẹ̀, a ó sì rẹ́ ìdí ògiri. Èmi àti ìyá mi kò sì sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn láàárín ara wa rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti di igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń ṣa obì. Àgbà àwọn olóbì ti lé ní ọgọ́rin. Kì í wọ inú amọ̀ mọ́, ìjókòó ló máa ń jókòó sábẹ́ òrùlé, tí yóò máa bá wa wí pé ibẹ̀ kò kúná tó. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo gbé omi fún un, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ùwọ rò pé a gba irọ́ ìyá wẹ gbọ́ lọ́jọ́sí?"

Mo gbé ife omi náà sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá wẹ tí éè jẹ́ kí á gbé fìtílà wọ ibi tí obì wà kí iná má baà mú un gbóná, òun ni yóò ní kí wọ́n wó àjà? A éè tíì dé títì lọ́jọ́ náà tí mo ti sọ fún àwọn yòókù pé, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ báyìí, ó mọ ohun tó ń jẹ́ ìtọ́jú. Mo ní kí á máa gbé obì wa wá."

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un nínú amọ̀ ńkọ́, ṣé ó gbọ́? Ó ní, "Ṣé mo dití nígbà náà ni? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyá wẹ. Ó sunkún. Ó ní kí n má jẹ́ kí o mọ̀ pé òun ti gbọ́. Ó ní, 'Ó ti sọ ọ́ tán, ó tó bẹ́ẹ̀.'"

Mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo wọlé lọ bá ìyá mi. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí ló dé, ṣé mo ti fẹ́ máa lọ ni? Mo ní, "Rárá o, Màmá. Mo wá dúpẹ́ ni. Mo dúpẹ́ ọjọ́ tí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú agbọ̀n. Ó ní, "Ìyá yẹn! Ó wá tú àṣírí wa nígbẹ̀yìn." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ọwọ́ mi kiri títí ó fi rí i. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní mo jẹ́ kí wọ́n bá ẹ wí lọ́jọ́ náà, ṣé wàá tún fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yìí mọ́?"

Òtítọ́ ló sọ. Mo mọ irú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà. Ǹ bá ti sá padà sí Àgọ́-Ìwòyè, ǹ bá máa fi owó ránṣẹ́, ilé obì ì bá sì ti wó. Ìyá mi ti padà sídìí obì rẹ̀, ó ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn mí, n kò sì fẹ́ dìde.